Ẹ ò dárúkọ jíìnì TMPRSS2

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ nípa jẹjẹrẹ prostate (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀), ó dáa, àmọ́ ẹ ò dárúkọ TMPRSS2 rárá, ìyẹn jíìnì (àṣẹ àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì) kan tọ́rọ̀ náà kàn, ó sì dùn mí torí àìsàn yẹn ló pa bàbá mi, mo ṣì ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ tó bá ń lọ tọ̀ lóru, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹfà.

Orí kromosóòmù 21, ọ̀kan nínú àwọn okùn inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé jíìnì, ni jíìnì yìí wà. Enzyme tó ń ṣe máa ń dúró sára awọ sẹ́ẹ̀lì, ó yọ ẹnu síta bí àlùmọ́gàjí, ó ń gé purotéènì. Òun náà ló máa ń bá kòkòrò Kòrónà gé ẹ̀gún ara rẹ̀ kó tó ráyè wọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró. Hòmóònù ọkùnrin ló ń jí jíìnì TMPRSS2. Ní 2005 àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Michigan rí i pé nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ prostate ó ti já, ó lọ lẹ̀ mọ́ jíìnì ERG, tí hòmóònù bá wá pe TMPRSS2, ERG ló ń dáhùn, sẹ́ẹ̀lì á wá máa ṣe kìtìkìtì. Wọ́n ń rí ìlẹ̀mọ́ra yìí lára bí ìdajì àwọn aláìsàn aláwọ̀ funfun, tàwa adúláwọ̀ ò tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ àwa ni jẹjẹrẹ yìí ń pa jù!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi àwọn dókítà, kí ló wá ń fa tiwa gan-an?