Ìpè sí gbogbo ọmọ ìlú wa: owó oúnjẹ Àbẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ nílé àti lẹ́yìn odi, okun o! Mo kí ẹ̀ka Lọ́kọ́ja, Àbújá, Ìlọrin àti Èkó. Ẹ̀yin tí ẹ wà lóko, ẹ kú iṣẹ́ kájú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí.

Ọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́ ni mo bá wá. Àwọn ará ilé mọ̀ ọ́n: ọmọ ìnàkí, irú èyí tí wọ́n ń pè ní chimpanzee, tí àwọn kan gbé sínú apẹ̀rẹ̀ dé ọjà wa lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n fẹ́ gbé e gba ọ̀nà Kàbà lọ tà. A yí apẹ̀rẹ̀ náà ká, à ń rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí fọwọ́ ara mi fún un ní bisikíìtì, ọ̀fìnkìn sì ń ṣe mí lọ́jọ́ náà. N kò mọ̀ pé àìsàn wa ń ràn wọ́n, pé ọ̀fìnkìn lásán lè pa irú wọn. Ìyá wa kan tó ń ta gààrí ló gbé e jáde. Bó ṣe dì mọ́ ìyá lọ́rùn nìyẹn, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já òun gbà mọ́. Nígbà tí àwọn àgbà fi máa ránṣẹ́ sí ìjọba, àwọn tó gbé e wá ti sá lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá fi pọ̀n ọ́n kí wọ́n tó wá gbé e lọ sí ibùdó ìtọ́jú kan ní ìpínlẹ̀ Cross River. Ìyá náà ló sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́.

Ọdún mẹ́rin sí márùn-ún ni ọmọ ìnàkí fi ń mu ọyàn, ìyá rẹ̀ kì í sì í yọ̀ǹda rẹ̀. Kí ọwọ́ èèyàn tó tẹ ọmọ kan, wọ́n á ti pa ìyá, nígbà mìíràn pẹ̀lú àwọn ẹbí tó fẹ́ gbà á sílẹ̀. Láti 1985 ni òfin Nàìjíríà ti ka pípa wọn àti títà wọn léèwọ̀. Irú tiwa yìí, tí kò sí níbòmíràn ju Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù lọ, kò tó 10,000 mọ́ nínú igbó.

Mẹ́ta nínú wa lọ wò ó lóṣù tó kọjá. Wọ́n fún wa ní ìbòmú, wọn kò sì jẹ́ ká sún mọ́ ọn. Láàárọ̀ kùtù, àwọn olùtọ́jú á ka ìnàkí lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ; èyí tí kò bá jẹun dáadáa, wọ́n á mọ̀. Àwọn kéékèèké ń mu wàrà nínú ìgò. Àwọn àgbà ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ àti ẹ̀pà, èyí tí wọ́n máa ń fọ́n sínú koríko kí wọ́n lè wá a kiri bí ẹni wà nínú igbó. Lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé ìtòsí ni wọ́n ti ń ra púpọ̀ nínú rẹ̀. Lọ́sàn-án, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi, wọ́n á máa tú irun ara wọn wò, bí ìyá ṣe ń wá iná orí fún ọmọ. Olùtọ́jú kan ló ń gbé Àbẹ̀kẹ́ mọ́ra láti àárọ̀ dalẹ́, nítorí ọmọ aláìníyàá tí kò rí ẹni dì mọ́ lè kú. Bó bá yè, ó lè lo 50 ọdún láyé.

Ní ìpàdé, àwọn kan bèèrè pé: omi ẹ̀rọ ìlú kò tíì parí, kí ló kàn wá kan oúnjẹ ìnàkí? Ìbéèrè tó yẹ ni. Owó omi wà lọ́tọ̀, a kò ní fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ọjà wa ni wọ́n ti gbé e lọ, ìlú wa ló sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, a kò lè sọ ọmọ lórúkọ tán ká wá ní kí ẹlòmíràn máa bọ́ ọ.

Owó oúnjẹ ọdún kan la fẹ́ kó jọ. Ọkùnrin á san ₦3,000, obìnrin ₦2,000. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí ọwọ́ yín bá ká. Ẹni tí kò ní owó nílé lè mú ẹ̀pà tàbí àgbàdo wá, a ó bá a tà á lọ́jà. Ẹgbẹ́ ọdẹ ti dá tiwọn. Wọ́n tún jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé ọmọ ẹranko ìgbẹ́ kọjá nílùú wa, àwọn á dá a dúró, ìyẹn sì wú mi lórí ju owó lọ.

Akápò ẹ̀ka yín ni kí ẹ san án fún, kí ẹ sì gba rìsíìtì. A ó ka gbogbo rẹ̀ síta ní ìpàdé àpapọ̀ oṣù Kejìlá.

Ìyá alágààrí ti san tiwọn. Wọ́n ní kí n bá àwọn béèrè bóyá Àbẹ̀kẹ́ ń sùn dáadáa lóru. Ó ń sùn, Màmá.

Akọ̀wé ẹgbẹ́