Àbẹ̀kẹ́, má ṣẹ́ gbèsè kù sórí káàdì

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé?

Mo ti ro ọ̀rọ̀ credit card tí o bá mi sọ. O ní gbogbo owó tí o bá ná lo máa ń san tán lóṣooṣù, síbẹ̀ credit score rẹ, máàkì tí wọ́n fi ń mọ bí èèyàn ṣe ń san gbèsè, já wálẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ wá ní kí o máa ṣẹ́ díẹ̀ kù kó lè gòkè. Má gbọ́ tirẹ̀. Àwa tí a ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà níbí ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn títí, èlé lásán ló ń kó èèyàn sí. Gbèsè tí o bá ṣẹ́ kù kò fi máàkì kankan kún tìrẹ, bánkì ló ń jẹ èlé rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ rèé. $1,000 ni bánkì gbà ọ́ láyè láti ná. O fi $800 ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù àti aṣọ ẹbí nínú oṣù kan ṣoṣo. Ọjọ́ tí stétímẹ́ǹtì, ìwé ìnáwó oṣù náà, bá jáde ni ọ̀pọ̀ bánkì máa ń fi iye tó wà lọ́rùn ẹni ránṣẹ́ sí Equifax, Experian àti TransUnion, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè èèyàn. Wọn kì í dúró de ọjọ́ tí o máa sanwó. Ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rí, wọ́n sì kà ọ́ mọ́ ẹni tí gbèsè fẹ́ wọ̀ lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ.

Nítorí náà, kí stétímẹ́ǹtì tó jáde ni kí o ti san èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Bó bá ku $80, ìdá 8 ni wọ́n máa rí. Tó bá wá dé, san $80 yẹn náà tán. Òfin credit card tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2009 ti fún ọ ní ọjọ́ 21, ó kéré tán, kí owó tó pé. Àwọn kan ní kó má ṣáà ti kọjá ìdá 30; èmi ní kó má kọjá 10.

Má sì fi máàkì yìí ṣe òrìṣà. Bí o kò bá fẹ́ yá owó mọ́tò tàbí gba ilé lóṣù náà, jẹ́ kó já. Tí iye tó kéré bá dé ọ̀dọ̀ wọn lóṣù kejì, yóò gòkè padà.

Èyí tí kì í lọ bọ̀rọ̀ ni kí èèyàn pẹ́ kó tó sanwó. Nínú ìṣirò FICO, tí ọ̀pọ̀ bánkì fi ń ka máàkì yìí, sísanwó lásìkò ló kó ìdá 35, iye tó wà lọ́rùn ẹni kó 30. Bí o bá fi ọgbọ̀n ọjọ́ kọjá ọjọ́ ìsanwó, wọ́n lè kọ ìdádúró yẹn sínú àkọsílẹ̀ rẹ, ọdún 7 ló sì máa lò níbẹ̀. Ní kí bánkì máa yọ owó náà fúnra rẹ̀ nínú àkáǹtì rẹ. (Ó máa ń dùn mí pé àjọ tí àwa ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ń dá, tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ owó ẹnìkejì rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò dé etí àwọn Equifax.)

Má fi káàdì yẹn gba owó lẹ́nu ATM, ọjọ́ náà gan-an ni èlé rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí o bá sì gba káàdì míràn lọ́la, má ti àkọ́kọ́ yìí pa.

Bàbá rẹ ń béèrè ọjọ́ tí stétímẹ́ǹtì rẹ máa ń jáde. Wò ó lórí áàpù bánkì rẹ, kí o fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp.

Èmi ni,
Ìyá rẹ