Kọ́rẹ́ǹtì tó kéré kọ́ ló ń jó fíríìjì

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú ìmọ̀ràn tí ẹ tẹ̀ jáde lórí ríra stabilizer (ẹ̀rọ tó ń mú fóltéèjì dúró déédéé), ẹ pe fóltéèjì, ìyẹn ipá tó ń ti iná lọ, ní kọ́rẹ́ǹtì, ìyẹn iná tó ń ṣàn nínú waya. Ẹ̀bi yín nìkan kọ́. Láti Ọjà Ọba dé Alágbàká ní Àkúrẹ́ níbí, bí gílóòbù bá ti ń pọ́n láìmọ́lẹ̀, "ááfù kọ́rẹ́ǹtì" ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Kò burú bí aládùúgbò méjì bá ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ náwó ní láti mọ ìyàtọ̀.

Fóltéèjì ló lọ sílẹ̀: ó yẹ kó wà ní nǹkan bíi fóltì 230, ó já sí 160. Kọ́rẹ́ǹtì ńkọ́? Ó kù sọ́wọ́ ohun tí a so mọ́ iná. Ríìngì ìdáná oníwáàtì 1,000 á já sí nǹkan bíi 480. Omi á pẹ́ kó tó hó, kò séwu. Ti fíríìjì yàtọ̀. Kọ́ḿpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ á fẹ́ gbéra, agbára ò ní í ká a, á kàn máa kùn lójú kan. Mọ́tò tí kò yí sì ń fa kọ́rẹ́ǹtì tó ju ti ìgbà tó ń sáré lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Waya inú rẹ̀ á gbóná, ọ̀dà tí wọ́n fi bò ó á jó, ó parí. Àpọ̀jù kọ́rẹ́ǹtì ló pa á, àwa ní ó kéré!

Stabilizer náà kì í dá iná ṣe. Bí lóòdù (àwọn ẹ̀rọ tó ń lo iná) wáàtì 1,000 bá wà lára rẹ̀, tí fóltéèjì tó ń wọlé jẹ́ 160, ó kéré tán, á fa kọ́rẹ́ǹtì ámpíà 6.25 lára ògiri kó tó lè gbé 220 jáde. Bó bá jẹ́ pé 220 ló ń wọlé ni, nǹkan bíi 4.5 ni. Ìdí nìyẹn tí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ ti dẹ̀ fi ń yọ́ nígbà tí iná bá lọlẹ̀. Bí gbogbo ilé àdúgbò bá sì tan tiwọn pọ̀, ṣe ni fóltéèjì á tún wálẹ̀ sí i.

"Ṣọ́ọ̀tì" náà wà níbẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti kọṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní ó ti ṣọ́ọ̀tì, títí kan waya tó já lásán. Èyí tó já, iná ò kọjá níbẹ̀ rárá. Èyí tó ṣọ́ọ̀tì, iná rí ọ̀nà àbùjá, ó ń ya gba ibẹ̀. Ẹ yọ kẹ́tùlù oníwáàtì 2,000 kúrò lára iná, ẹ tẹ bọ́tìnì rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi mítà ọwọ́ (ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn iná) kan ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì méjì tó kúrú (èyí tó gùn jù ni ẹ̀ẹ̀tì, ti waya ààbò tó lọ sínú ilẹ̀). Bí kẹ́tùlù bá dára, ẹ ó rí nǹkan bíi óòmù 26 (óòmù ni a fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́wọ́). Bó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo, ó ti ṣọ́ọ̀tì. Bí "1" bá dá dúró lápá òsì, tàbí OL, ó ti já. Ojú 200 óòmù ni kí ẹ yí mítà sí o, kì í ṣe ojú tó ń dún, torí ọ̀pọ̀ mítà olówó pọ́ọ́kú a máa dún lórí óòmù 26 náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ju kẹ́tùlù tó pé nù.

Ọ̀rọ̀ wa lórí ẹ̀ẹ̀tì kò pọ̀: waya aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò kì í ṣe àlékún tí a lè gé dànù.

Bí ẹ bá tún fẹ́ kọ nípa iná tó lọlẹ̀, ẹ bá wa kọ iye fóltì tí mítà fi hàn, kí ẹ sì dárúkọ ẹ̀rọ tó wà lórí iná lásìkò náà.

Àwa oníṣẹ́ iná kan,
Àkúrẹ́, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.