Ìbẹ́pẹ Ẹ̀yìnkùlé

Bangkok,
Ọjọ́ Àìkú

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo kí Bàámi, mo kí gbogbo ará ilé. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ.

Ọjọ́ kẹta tí mo dé ìlú yìí, mo gbọ́ tí odó ń dún nísàlẹ̀ ilé wa, pọ́kọ́-pọ́kọ́-pọ́kọ́. Itọ́ kún mi lẹ́nu. Mo ní àṣé Ìjẹ̀ṣà ti débí ṣáájú mi! Mo sáré sọ̀kalẹ̀. Iyán kọ́ o, ìbẹ́pẹ dúdú ni ìyá olóúnjẹ kan ń gún nínú odó amọ̀.

Som tam ni wọ́n ń pè é. Ó na ìka sí mi, ó ń béèrè iye ata tí mo fẹ́. Èmi ọmọ Iléṣà, mo na mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kó o sí i. Màámi, imú mi ń ṣàn, omi ń bọ́ lójú mi, n kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Méjì péré ni mò ń nà báyìí. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o.

Ẹ lè ṣe é nílé. Ẹ ní kí Délé ká ìbẹ́pẹ kan lẹ́yìn ilé ìdáná, èyí tó ṣì le gbagidi. Kí ó bó o, kí ó fọ oje rẹ̀ dànù, kí ó rẹ́ ẹ tín-ín-rín. Ẹ gún aáyù àti ata wẹ́wẹ́, ẹ da edé gbígbẹ láti ọjà Àtàkúnmọ́sà sí i, àti ẹ̀pà yíyan, tòmátì, ṣúgà díẹ̀. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Ìgbẹ̀yìn ni ìbẹ́pẹ ń wọlé. Ẹ kàn rọra lù ú ni, kí adùn lè wọ̀ ọ́ lára. Odó ata yín tó o, ẹ má gbé odó iyán. Omi ẹja oníyọ̀ tó ń rùn bí irú ni wọ́n ń dà sí i níbí, ṣùgbọ́n iyọ̀ á ṣe é.

Ìrẹsì kan tó ń lẹ̀ mọ́wọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, òkèlè-òkèlè. Bàámi á ní ìyẹn kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ fún wọn ní iyán wọn ná, kí wọ́n wá fi èyí panu.

Ìyàwó Bọ̀dá mi kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án títí yóò fi bímọ. Ìbẹ́pẹ dúdú kò dára fún aboyún.

Tí ẹ bá sì fẹ́ pè mí, wákàtí 6 la fi ṣáájú yín. Aago 8 alẹ́ tí ẹ pè lánàá, aago 2 òru ni níbí!

Ọmọ yín,
Fọlákẹ́