Ẹ má tú àdàbà àlejò sílẹ̀

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ bá mi kìlọ̀ fún àwọn tó ń sin ẹyẹ òkèèrè ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́dún 1974, àwọn àdàbà ilẹ̀ Éṣíà kan, onílà dúdú lẹ́yìn ọrùn, jáde nínú àgò ní Nassau, ní Bahamas. Wọn ò tó 50. Wọ́n fò dé Florida, wọ́n sì ti tàn ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà báyìí. Ẹyin méjì péré ni wọ́n ń yé lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ léraléra lọ́dún ni!

Lánàá, mo rí àgò kan ládùúgbò wa, okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì ti fẹ́ẹ̀ já. Àyà mi já. Àdàbà tiwa tó ń ké lórí igi máńgòrò láàárọ̀ ni mo ń rò.

Olùkàwé yín,
Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́