Irun tó ń re lẹ́yìn ìbímọ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá àwọn ìyá ìkókó sọ̀rọ̀. Àbúrò mi bímọ, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìdì irun ló ń bá òòyà rẹ̀ jáde láràárọ̀. Ni wọ́n bá ta ike bíótìn kan, oríṣi fítámì tí wọ́n ní ó ń mú irun hù, fún un lọ́jà Kétu níbí, owó ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan gbáko! Bẹ́ẹ̀ irun yẹn sábà máa ń hù padà fúnra rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún kan. Fún ẹni tí bíótìn ò dín lára rẹ̀, ìyẹn ọ̀pọ̀ jù lọ wa, kò sí ẹ̀rí tó dúró pé ó ń mú irun hù. Àpọ̀jù rẹ̀ tilẹ̀ lè da èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rú. Àìtó ẹ̀jẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹyin sísè tí mo gbé fún un láàárọ̀ yìí, ṣebí bíótìn wà nínú rẹ̀.

Èmi ẹ̀gbọ́n ìyá ìkókó,
Kétu.