Orin The KLF kì í ṣe oríire lásán

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. A fẹ́ràn ojú ewé orin yín, àmọ́ ohun tí ẹ kọ nípa The KLF, ẹgbẹ́ olórin ijó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kù díẹ̀ káàtó. Ẹ ní Bill Drummond àti Jimmy Cauty, àwọn méjì tó wà nínú ẹgbẹ́ náà, kàn gbé orin síta ni, tí oríire sì gbé e dé ipò kìíní. Oríire lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò ló pọ̀ jù, ìṣirò yẹn gan-an ló sì yẹ kí àwọn ọmọ wa tó ń kọrin rí kà.

Ilé iṣẹ́ tiwọn, KLF Communications, ni wọ́n fi ń gbé àwo jáde; Rough Trade ló ń bá wọn pín in dé ṣọ́ọ̀bù. Ní oṣù Òkúdù ọdún 1988, orúkọ The Timelords ni wọ́n fi gbé "Doctorin' the Tardis" dé ipò kìíní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n wá kọ bí wọ́n ṣe ṣe é sínú ìwé kan, The Manual. Ìmọ̀ràn ibẹ̀ ṣe tààrà: kí orin má kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀, kí ìlù ijó kan náà máa lọ látòkè délẹ̀, kí ẹsẹ àti ègbè tẹ̀ lé ara wọn lẹ́ẹ̀mejì, kí ìlù fà sẹ́yìn díẹ̀, kí ègbè sì padà ní ìlọ́po méjì. Orin tó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, rédíò á gé e tàbí kí wọ́n pa á tì.

Irú àwo ni ẹ ò mẹ́nu bà rárá. Lẹ́nu wa, orin kan ni orin ẹyọ (single). Lọ́jà, ọjà mẹ́ta mẹ́rin ni. Àwo ínṣì méje jẹ́ ti ẹni tó gbọ́ orin lórí rédíò tó fẹ́ máa gbọ́ ọ nílé. Ìgbà 45 ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan, bí ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún ni ojú rẹ̀ kan sì lè gbà kó dún dáadáa. Bí ẹ bá fi agídí kó orin gígùn sí i, àwọn ìlà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ á fún pọ̀, ẹni tó ń gé àwo á ní láti dín ohùn kù, béèsì, ohùn ìsàlẹ̀ orin, ló sì máa kọ́kọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí DJ fi ń béèrè ínṣì méjìlá: ààyè wà láàárín ìlà, béèsì ń jáde, wọ́n sì ń fi ìlù nìkan ṣí orin kí DJ lè rí ibi so ó mọ́ èyí tó ń dún lọ́wọ́. Kásẹ́ẹ̀tì jẹ́ ti onímọ́tò àti ọ̀dọ́ tó ń gbọ́ orin rìn. Síídì ní ààyè fún oríṣi orin náà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Gbogbo wọn ni wọ́n ń kà pọ̀ nígbà náà sórí àtẹ tó ń to àwọn orin tó tà jù. Ẹni tó ra ínṣì méje tó tún ra méjìlá, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kà á.

Ọjọ́ náà ńkọ́? Ọjọ́ Ajé ni àwo tuntun ń jáde níbẹ̀ nígbà náà. Ilé iṣẹ́ Gallup ló ń fi ẹ̀rọ inú ṣọ́ọ̀bù ka ọjà, wọ́n ń ka àtẹ lórí rédíò BBC Radio 1 ní ọjọ́ Àìkú, ètò orin orí tẹlifíṣọ̀n, Top of the Pops, sì wà ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Bí ilé iṣẹ́ tó ń tẹ àwo bá fa ẹsẹ̀ tí àwo fi dé ní Ọjọ́rú, ọjọ́ méjì ti lọ. Bí àwo bá tán ní ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn tí tẹlifíṣọ̀n ti fi orin náà hàn, Sátidé tí ọjà ń gbóná á lọ lófo, orin mìíràn á sì gba ipò.

Ní ti ìpolongo "Doctorin' the Tardis", wọ́n mú ọkọ̀ Ford Galaxie àtijọ́ kan, wọ́n sì ní ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni olórin. Àwọn oníròyìn rí fọ́tò tẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ijó ni orin wọn mìíràn, "3 a.m. Eternal", ti bẹ̀rẹ̀ ní 1989. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n fi ráàpù àti ègbè tó ṣeé kọ tẹ̀lé sí i, wọ́n sì gbé e jáde ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1991. Lẹ́yìn Kérésì, ọjà àwo máa ń tutù, iye tó ń gbé orin dókè kì í pọ̀ tó ti Ọ̀pẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi wà ní ipò kìíní, ó sì dé ipò karùn-ún ní Amẹ́ríkà.

Wọ́n ṣe àṣìṣe o. Ní 1987 wọ́n gé orin ABBA, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Sweden, sínú àwo wọn láìgbàṣẹ. Àjọ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tó ni orin ní kí wọ́n pa àwọn àwo náà run, Drummond àti Cauty sì dáná sun àwọn kan ní Sweden. Ní 1991, Rough Trade tó ń pín àwo wó lulẹ̀. Ewu ẹni tó ń gbé orin ara rẹ̀ jáde nìyẹn: o ti sanwó títẹ àwo, owó ọjà ṣì wà lọ́wọ́ alágbàtà.

Ẹni tó ń gbé orin jáde lónìí, ọjọ́ Ẹtì ni, kó sì ti fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bá a pín in ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú. Spotify, ìkànnì ìgbọ́rin, fẹ́ kí o ti fi orin náà han àwọn olóòtú wọn ó kéré tán ọjọ́ méje kó tó jáde. Oríṣi kọ̀ọ̀kan, ti rédíò àti ti ijó, ní láti ní nọ́ḿbà ISRC tirẹ̀, ìyẹn nọ́ḿbà ìdánimọ̀ orin tí a gbà sílẹ̀. Ẹ̀yin tó ń fi Yorùbá kọrin, ẹ pinnu lẹ́ẹ̀kan bí ẹ ó ṣe máa kọ orúkọ yín, kí ẹ má yí i padà: bí ẹ bá fi àmì sí i lónìí tí ẹ yọ ọ́ lọ́la, orin yín lè pín sí ojú ewé méjì lórí ìkànnì.

Ní oṣù Èbìbí 1992 ni The KLF yọ gbogbo àwo wọn kúrò lọ́jà Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò gbé àwọn orin náà sórí àwọn ìkànnì ìgbọ́rin, títí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé díẹ̀ nínú wọn síbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2021. Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé másítà, ojúlówó orin tí wọ́n gbà sílẹ̀, jẹ́ tiwọn. Ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí ẹ bá tún ń ròyìn orin tuntun, ẹ bá wa kọ ẹni tó ni másítà rẹ̀ sí abẹ́ orúkọ olórin.

Àwa òǹkàwé yín,
Mushin, Èkó